Ìfẹ́, ọ̀fọ̀ àti iwin nínú ìtàn àròsọ gọ́tíìkì ìgbà Victoria

Ìtàn àròsọ gọ́tíìkì ìgbà Victoria ni orúkọ tí a ń pe àwọn ìtàn abàmì tí wọ́n kọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti agbègbè rẹ̀ nígbà tí Ọbabìnrin Victoria wà lórí ìtẹ́, láti ọdún 1837 sí 1901. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ti wà ṣáájú: The Castle of Otranto, tí Horace Walpole gbé jáde ní 1764, ni ọ̀pọ̀ ń kà sí àkọ́kọ́ wọn. Ààfin àtijọ́ ní ilẹ̀ òkèèrè ni àwọn òǹkọ̀wé ìṣáájú sábà máa ń fi iwin sí. Nígbà tó fi máa di ìgbà Victoria, iwin ti wọlé wá bá ará ilé. Ó lè jẹ́ ìyàwó, ó lè jẹ́ ọmọ, ó sì lè jẹ́ olólùfẹ́. Nínú èyí tó jinlẹ̀ jù lọ lára àwọn ìtàn náà, alààyè gan-an ló ń wá òkú kiri.

Ikú àti ọ̀fọ̀ lásìkò náà

Ilé ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kú sí, inú ilé kan náà ni wọ́n sì ń tẹ́ òkú sí títí di ọjọ́ ìsìnkú. Ní Haworth, ìlú kékeré kan ní Yorkshire, Benjamin Herschel Babbage ṣe ìwádìí ìmọ́tótó fún ìjọba ní 1850. Ó rí i pé nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ, ó lé ní 41 tó ń kú kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún 6.

Opó a máa wọ aṣọ dúdú fún nǹkan bí ọdún 2. Victoria fúnra rẹ̀ kò bọ́ tirẹ̀ láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀, Albert, ti kú ní oṣù Kejìlá 1861 títí òun náà fi wàjà. Wọ́n ń gé irun òkú, wọ́n ń fi ṣe òrùka, tàbí kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ sínú ohun ọ̀ṣọ́ ọrùn tó ṣeé ṣí.

Wuthering Heights

Haworth yìí ni Emily Brontë (1818–1848) gbé, nínú ilé àlùfáà tó kọjú sí itẹ́ òkú. Ìyá rẹ̀ kú ní 1821, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjì sì tẹ̀ lé e ní 1825. Ìtàn àròsọ kan ṣoṣo tó kọ, Wuthering Heights, jáde ní oṣù Kejìlá 1847 lábẹ́ orúkọ ọkùnrin, Ellis Bell. Ọdún kan lẹ́yìn náà ni òun náà kú. Kò yẹ kí a kàn ka ìwé náà bí ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti gbà pé ẹni tí kò mọ ikú dunjú ló kọ ọ́.

Heathcliff àti Catherine Earnshaw jọ dàgbà, wọ́n sì fẹ́ràn ara wọn, àmọ́ Edgar Linton ni Catherine fẹ́. Nígbà tó kú lórí ìkúnlẹ̀, Heathcliff kò bẹ Ọlọ́run pé kó sinmi. Ó ní kó má sinmi rárá, kó máa yọ òun lẹ́nu títí. Ó ṣí ohun ọ̀ṣọ́ tó wà lọ́rùn òkú, ó da irun ọkọ rẹ̀ sílẹ̀, ó fi tirẹ̀ sí i. Nelly Dean, ìránṣẹ́ tó ń sọ ìtàn náà, ṣa irun méjèèjì, ó lọ́ wọn pọ̀, ó sì dá wọn padà.

Lálẹ́ ọjọ́ ìsìnkú, Heathcliff gbẹ́ sàréè náà débi pósí. Ó dà bíi pé ó gbọ́ tí ẹnì kan mí kanlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó sì gbà pé Catherine kò sí nísàlẹ̀ mọ́, pé òkè ni wọ́n jọ wà. Láti ìgbà náà, fún nǹkan bí ọdún 18, ó ń fura sí i nínú gbogbo yàrá, kò sì fojú kàn án. Lockwood, àlejò tí kò mọ̀ wọ́n rí, ló wá lá àlá pé ọmọdébìnrin kan ń bẹ̀bẹ̀ lẹ́yìn fèrèsé pé kó ṣílẹ̀kùn fóun. Ó fa ọwọ́ ọmọ náà sórí dígí tó fọ́ títí ẹ̀jẹ̀ fi rin aṣọ ibùsùn. Nígbà tí Heathcliff gbọ́, ó já fèrèsé náà ṣí, ó ń sunkún, ó ń pe Catherine kó wọlé.

Ní òpin ìwé, fèrèsé kan náà ni Nelly ti bá òkú Heathcliff, òjò ti rin ín gbingbin. Fèrèsé tó ń gbá síwá sẹ́yìn ti bó ọwọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kò jáde. Ọwọ́ iwin ṣẹ̀jẹ̀, ọwọ́ ọkùnrin tí a mọ̀ kò ṣẹ̀jẹ̀. Ìfiwéra yìí wà lára ohun tó lágbára jù nínú iṣẹ́ Brontë, ó sì jọ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni.

Àwọn ìtàn kúkúrú

Àsìkò Kérésìmesì ni ọjà ìtàn iwin máa ń tà jù. Charles Dickens, tó ti kọ A Christmas Carol ní 1843, ń gba irú ìtàn bẹ́ẹ̀ sínú ìwé ìròyìn rẹ̀ Household Words. Ibẹ̀ ni The Old Nurse's Story ti Elizabeth Gaskell ti jáde ní 1852. Nínú rẹ̀, iwin ọmọbìnrin kan tí bàbá ìyá rẹ̀ lé jáde sínú yìnyín ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n ṣílẹ̀kùn. Ìlara láàárín tẹ̀gbọ́n tàbúrò lórí ọkùnrin kan ló fa gbogbo rẹ̀. Dickens fẹ́ kó jẹ́ pé ọmọdé inú ìtàn nìkan ni yóò rí àwọn iwin náà. Gaskell kọ̀, ó sì jẹ́ kí gbogbo ilé rí wọn.

Òpin ọ̀rúndún náà

Wọ́n dá ẹgbẹ́ Society for Psychical Research sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1882 láti fi ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì wádìí iwin àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Henry James gbé ìtàn The Turn of the Screw jáde ní 1898. Àríyànjiyàn lórí bóyá iwin wà níbẹ̀ tàbí kò sí kò tíì parí.

Vernon Lee, tí orúkọ àbísọ rẹ̀ ń jẹ́ Violet Paget, kó ìtàn mẹ́rin jọ sínú Hauntings ní 1890. Nínú Amour Dure, onímọ̀ ìtàn kan ní Ítálì ń ka ìwé àtijọ́ nípa Medea da Carpi, obìnrin tó ti kú láti bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún, ìfẹ́ rẹ̀ sì kó sí i lórí. Kò ṣọ̀fọ̀ ẹnikẹ́ni, kò bá obìnrin náà pàdé rí. Inú ìwé àti àwòrán ló ti mọ̀ ọ́n. Lee yọ ọ̀fọ̀ kúrò nínú ohun tí Brontë so pọ̀, ó wá ku ìfẹ́ àti iwin nìkan, ìyẹn náà sì tó láti pa ọkùnrin náà.