Ìdílé wombat àti koala láyé àtijọ́

Wombat àti koala jẹ́ ẹranko ilẹ̀ Ọsirélíà tó máa ń tọ́jú ọmọ sínú àpò ara wọn. Lónìí, oríṣi wombat mẹ́ta ló kù, koala sì ku oríṣi kan ṣoṣo, àmọ́ láyé àtijọ́ ẹbí wọn pọ̀ gan-an, orúkọ tí àwọn onísáyẹ́ǹsì sì fún gbogbo ẹbí náà ni Vombatiformes. Àpò wombat ṣì kọjú sẹ́yìn títí dòní.

Eyín

Eyín le ju egungun lọ, kì í tètè jẹrà, torí náà òun ló pọ̀ jù nínú fọ́sìlì wọn, ìyẹn àwókù ara tó ti di òkúta, òun náà ló sì sọ ìtàn wọn fún wa jù. Eyín wombat òde òní ò ní gbòǹgbò, ńṣe ló ń hù títí ọjọ́ ikú ẹ̀, bí koríko líle bá ṣe ń jẹ ẹ́ lórí ló ń ti ìsàlẹ̀ yọ sí i. Àwọn ará àtijọ́ ò rí bẹ́ẹ̀ o: Nimbavombatus tí wọ́n rí ní Riversleigh, Queensland, tí wọ́n ṣàpèjúwe ní 2015, eyín tiẹ̀ ṣì ní gbòǹgbò, ti Rhizophascolonus náà ní. Ó jọ pé bí ilẹ̀ Ọsirélíà ṣe ń gbẹ, tí oúnjẹ ń le sí i, ni eyín wọn ń yí padà díẹ̀díẹ̀.

Ti koala yàtọ̀, ewé ni eyín ẹ̀ wà fún látilẹ̀. Lumakoala, ìbátan koala láyé àtijọ́ tí wọ́n kéde ní 2023, ti wà láti nǹkan bíi mílíọ̀nù 25 ọdún sẹ́yìn ní Northern Territory, eyín nìkan la sì fi mọ̀ ọ́n.

Mukupirna, ìbátan wombat láyé àtijọ́ tí wọ́n wú jáde ní Lake Pinpa, South Australia, ní 1973 àmọ́ tí wọn ò ṣàpèjúwe títí di 2020, wọn tó nǹkan bí 150 kílò, apá ẹ̀ sì lágbára, bóyá ó ń fi walẹ̀ wá gbòǹgbò jẹ.

Àwọn tó ṣàrà ọ̀tọ̀

Èyí tó yani lẹ́nu jù ni Thylacoleo, kìnnìún alápò. Inú ìdílé ajewéko yìí náà ló ti jáde, síbẹ̀ ẹran ló ń jẹ, eyín ẹ̀gbẹ́ ẹnu ẹ̀ gùn, ó sì mú bí abẹ.

Diprotodon, tí Richard Owen sọ lórúkọ ní 1838, ló tóbi jù nínú gbogbo ẹranko alápò tá a mọ̀, ó tó 2,700 kílò. Phascolonus, wombat ńlá, náà wà láyé nígbà kan náà pẹ̀lú Diprotodon.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti kú run ní nǹkan bí 40,000 ọdún sẹ́yìn tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn kan ní ọdẹ ló fà á, àwọn míì ní ojú ọjọ́ ni, wọn ò tíì fẹnu kò.