Ará abẹ́ òkúta, òkúta tó ń yí, àti irọ́ “àwo àtijọ́ nìkan ló dùn”

Ní Ìtòkú, níbi tí ariwo àwọn aláàdìrẹ kì í ti í dákẹ́, ẹ̀gbọ́n kan wà tó ń tún rédíò àti ẹ̀rọ agbóhùn ṣe. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò gbà ju ènìyàn mẹ́ta lọ, ṣùgbọ́n bó bá di ọ̀sán Sátidé, a máa ń tó mẹ́fà níbẹ̀. Kì í ṣe rédíò la gbé wá. Ìjà orin la wá jà. Ẹ̀gbọ́n ní àwo Rolling Stones, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, jọ sínú àpótí pákó kan, ó sì ti ń rà wọ́n láti ìgbà tó wà níléèwé girama, nígbà tí sòkòtò ẹlẹ́nu gbàgàdà àti bàtà gogoro wà lóde. Bí ẹ bá rò ó dáadáa, ọ̀rọ̀ náà bára mu: àwa tí ìlú wa ń jẹ́ Abẹ́òkúta la wá ń bára wa jiyàn lórí ẹgbẹ́ olórin tó ń jẹ́ òkúta tó ń yí.

Ohun tí wọ́n máa ń sọ níbẹ̀ ni mo ti gbọ́ ní Kútọ̀, mo ti gbọ́ ọ ní Pánsẹ́kẹ́, mo tilẹ̀ ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ ogún ọdún tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé abẹ́rẹ́ lé àwo. Wọ́n ní bí olórin bá ti ń dàgbà ni àwo rẹ̀ ń bàjẹ́. Ti àkọ́kọ́ dùn bí oyin, ti àárín dáa díẹ̀, ti ìkẹyìn, owó oúnjẹ ló kàn fi ń wá. Ẹ̀gbọ́n ní tirẹ̀ fi ààlà sí i: “Lẹ́yìn Tattoo You, kò sí nǹkan kan mọ́.” Ọdún 1981 ni Tattoo You, ọ̀kan nínú àwo Rolling Stones, jáde. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n àwo tó fi ṣe ààlà yẹn gan-an ló tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà.

Ní 1981, ẹgbẹ́ náà fẹ́ lọ ṣeré káàkiri Amẹ́ríkà, wọ́n sì nílò àwo tí wọn yóò gbé lọ́wọ́ lọ. Àkókò kò sí, Mick Jagger tó ń kọrin àti Keith Richards tó ń ta jìtá kò sì fi bẹ́ẹ̀ rẹ́ nígbà náà. Ni Chris Kimsey, tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ ní sitúdíò, bá kó sínú téèpù àtijọ́, ó ń wá orin tí wọ́n gbà sílẹ̀ tí wọn kò lò. “Tops” àti “Waiting on a Friend” ti wà nílẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ń ṣe àwo Goats Head Soup, ní nǹkan bí 1972. “Slave” àti “Worried About You” jẹ́ àṣẹ́kù ìgbà àwo Black and Blue, ní 1975. “Start Me Up” tí gbogbo ayé mọ̀ yẹn, régè ni wọ́n ń fi í ṣe, wọ́n ṣe é títí ó sú wọn. Ìgbà iṣẹ́ àwo Some Girls ní 1978 ni wọ́n ta á bíi rọ́ọ̀kì, tí wọ́n sì pa á tì. Kimsey ló bá wọn rí i. Wọ́n kọ ohùn tuntun lé e, wọ́n pe Sonny Rollins kó wá fun sàksófóònù sí mẹ́ta nínú àwọn orin náà, àwo pé.

Ìyẹn ni pé nígbà tí ẹ̀gbọ́n ń sọ pé agbára wọn ṣì pé ní 1981, ọbẹ̀ àná tí wọ́n tún gbé kaná ló ń jẹ. Kò sì burú bẹ́ẹ̀. Ẹ̀fọ́ ọjọ́ kejì a máa dùn ju ti ọjọ́ tí wọ́n sè é lọ. Ṣùgbọ́n kò sí bí ènìyàn ṣe lè fi àwo yẹn wọn ohun tí ọjọ́ orí ń ṣe fún olórin. Ọdún tí wọ́n kọ sára páálí kì í ṣe ọdún tí orin inú rẹ̀ dáyé. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ sọ èyí ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀gbọ́n gbé páálí náà, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, bí ẹni pé wọ́n rẹ́ ẹ jẹ lọ́jà.

Ẹ jẹ́ ká tún wo ọ̀rọ̀ “ti àkọ́kọ́” yìí. Àwo ńlá àkọ́kọ́ tí Rolling Stones ṣe, ní 1964, orin onírúurú ará Amẹ́ríkà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀; díẹ̀ ni wọ́n fúnra wọn kọ. Àwọn tó ń yin “ti àkọ́kọ́” kì í sì í gbé e sétí. Ohun tó wà lọ́kàn wọn ni nǹkan bí ọdún márùn-ún, láti 1968 sí 1972, ìgbà tí ẹgbẹ́ náà ti dàgbà díẹ̀. Fela ńkọ́, ọmọ bíbí ìlú wa, tí wọ́n bí síbí ní 1938? Kó tó di pé ó dá ẹgbẹ́ Africa 70 sílẹ̀, ó ti ṣe àwo pẹ̀lú ẹgbẹ́ Koola Lobitos, háìláìfù tí wọ́n po jáàsì mọ́. Ta ló ń gbé ìyẹn sí i ní Ìtòkú lónìí? Ẹni tó bá ní àkọ́kọ́ ló dùn jù, kó má tọ́ka sí Zombie fún mi o. Fela ti lé ní ọdún mẹ́wàá nídìí orin kó tó ṣe Zombie.

Bákan náà ni wọ́n ní ọjọ́ orí ló dín Fela kù lẹ́yìn náà. Nǹkan mìíràn wà níbẹ̀ tí kì í ṣe ọjọ́ orí. Tony Allen tó ń lùlù fún un kúrò ní nǹkan bí 1979. Nígbà tí ìjọba ológun sì sọ Fela sẹ́wọ̀n ní 1984, wọ́n gbé àwo rẹ̀, Army Arrangement, fún Bill Laswell, ará Amẹ́ríkà tó ń ṣe àwo fún olórin, kó tún un pò, ó sì fi àwọn olórin tirẹ̀ sí i, Fela kò sì sí níbẹ̀. Ẹni tó gbọ́ irú èyí tó bá ní kò dà bíi Fela, kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ó ti lé ní àádọ́ta ọdún nígbà tí Beasts of No Nation jáde ní 1989, èmi ò sì rí ohun tí èèyàn fẹ́ bù kù nínú ìyẹn.

Àpẹẹrẹ tó dùn mọ́ mi jù ni Dirty Work, àwo Rolling Stones. Ọdún 1986 ló jáde, ó sì burú. Mi ò ní fi epo pa á lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún méjìlélógójì ni Jagger, ọjọ́ orí tí ọ̀pọ̀ wa ṣì ń pè ní ọ̀dọ́ bí ìbò bá dé. Òun àti Richards ń jà, Charlie Watts onílù kò sí nípò tó dáa, Ian Stewart tó ń tẹ dùùrù fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ sì kú ní òpin 1985. Jagger kan náà yìí ti pé ọgọ́rin ọdún nígbà tí Hackney Diamonds jáde ní oṣù kẹwàá 2023, àwo náà sì sàn ju Dirty Work lọ fíìfíì. Bó bá jẹ́ pé ọjọ́ orí ló ń ba orin jẹ́, báwo la ó ṣe ṣàlàyé ìyẹn?

Ohun tó ń ba àwo jẹ́ nígbà púpọ̀, bí èmi ṣe rò ó, ni ìwọ̀n ohun tí wọ́n ń rọ orin sí. Àwo pẹlẹbẹ kì í gbà ju ogún ìṣẹ́jú àti díẹ̀ lọ lójú kan. Let It Bleed ti 1969, orin mẹ́sàn-án. Sticky Fingers ti 1971, orin mẹ́wàá. Ẹni tó bá ní orin ogún gbọ́dọ̀ yọ ìdajì dànù. Nígbà tí sídì dé, ó gba ìṣẹ́jú 74, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ tà á kó ṣófo. Voodoo Lounge, ní 1994, di orin mẹ́ẹ̀ẹ́dógún; A Bigger Bang, ní 2005, di mẹ́rìndínlógún. Àwo méjèèjì lé ní wákàtí kan. Ẹlẹ́mu tó ní ẹmu agbè kan, tí oníbàárà ní kó kún kẹ́ẹ̀gì, ẹ ti mọ ohun tó máa ṣe. Ẹ yọ orin mẹ́wàá tó dáa jù nínú Voodoo Lounge, kí ẹ gbé wọn tẹ̀ lé ara wọn, ẹ óò rí àwo tí ẹnikẹ́ni kò ní fi ṣe yẹ̀yẹ́. Orin méjìlá ni Hackney Diamonds, kò tó ìṣẹ́jú àádọ́ta, gbogbo ayé sì pariwo pé àwọn àgbà tún padà di ọ̀dọ́. Agbè ni wọ́n padà sí.

Ẹ̀gbọ́n gbé Exile on Main St. dìde láti fi gún mi lójú: orin méjìdínlógún ni, ti 1972, òun sì ni ọba gbogbo wọn. Àtakò gidi ni. Ṣùgbọ́n àwo méjì ni wọ́n fi ṣe é, ojú mẹ́rin, o máa dìde yí i, wàá sinmi díẹ̀. Ó tún wà níbẹ̀ pé nígbà tó kọ́kọ́ jáde, àwọn kan nínú àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò orin ò gba tiẹ̀ tán. Ó gùn jù, ó rúdurùdu, ohùn Jagger rì sínú ariwo. Ọdún ló sọ ọ́ di ọba. Hackney Diamonds kò tíì rí àádọ́ta ọdún tí yóò fi jókòó síbi kan.

Asẹ́ ni ìgbà. Ó ti jọ̀ àwọn ọdún àtijọ́, èyí tó burú ti bọ́ sílẹ̀, a kò rántí rẹ̀ mọ́, ti ìsinsìnyí ṣì wà ní gbẹ̀rẹ́fu. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. A máa ń fi í gbé àgbà ga, ṣùgbọ́n ẹ tún un gbọ́: àgbà ló ni àkísà. Ẹgbẹ́ tó ti ń kọrin láti 1962 gbọ́dọ̀ ní àwo tí kò dáa, nítorí pé wọn kò dákẹ́. Ayinla Omowura kú níbí ní oṣù karùn-ún 1980. Kò ní àwo ọjọ́ ogbó kankan, kò sì sẹ́ni tó lè sọ láéláé pé àpàlà rẹ̀ ti rọ̀. Ikú ló bá a fi ìdè dè é síbi tó ga jù.

Ó tún ku ti etí tiwa. Owó ìsinmi odindi ọdún kan ni ẹ̀gbọ́n fi ra Some Girls, ó sì gbọ́ ọ títí ó fi há bí ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi. A Bigger Bang, ẹ̀ẹ̀kan ló gbọ́ ọ, lórí fóònù ọmọ rẹ̀, nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá tó ń lọ sí Lafẹ́nwá. Ọjọ́ kan mo fi orin kan sí i nínú ṣọ́ọ̀bù, mi ò sọ orúkọ rẹ̀. Ó gbọ́ ọ, ó mi orí, ó ní, “Èyí ni wọ́n ṣe kí owó tó bà wọ́n jẹ́. 1964, tàbí 65.” Blue & Lonesome ni. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi gbà á sílẹ̀, ní oṣù kejìlá 2015, orin blues àwọn ẹlòmíràn látòkè délẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rín pa wá. Òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó rẹ́rìn-ín.

Mi ò sọ pé Hackney Diamonds ju Sticky Fingers lọ o. Kò jù ú, kò tilẹ̀ sún mọ́ ọn. Ohun tí mo ń jà fún ni pé ká gbọ́ àwo kọ̀ọ̀kan kí a tó dá a lẹ́jọ́, ká má fi ìwé ìbí olórin dá a.

Ní Sátidé tó kọjá, mo mú fóònù jáde, mo gbé orin tó kẹ́yìn nínú Hackney Diamonds sí i. Jagger àti Richards nìkan ló wà níbẹ̀, jìtá kan, ohùn kan, àti fèrè ẹnu. “Rollin’ Stone” ni, orin Muddy Waters, àgbà olórin blues Amẹ́ríkà, èyí tó gbà sílẹ̀ ní 1950, inú orin náà gan-an sì ni ẹgbẹ́ náà ti mú orúkọ wọn. Mo sọ èyí fún ẹ̀gbọ́n lẹ́yìn tí orin parí, mo sì bi í pé apá wo ni ká kó o sí báyìí, àtijọ́ tàbí ìsinsìnyí. Ó fi ṣukuduráfà họ etí. Ó ní kí n tún un gbé.