Ogún Tí Wọn Kò Pín: Bí Ìdílé Mitsui Ṣe Di Zaibatsu

Aṣọ ni ìdílé Mitsui ti Japan kọ́kọ́ tà, kí wọ́n tó di zaibatsu, ìyẹn ìdílé olówó tó ní ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ńlá lábẹ́ àpò kan. Mitsui Takatoshi ti lé ní àádọ́ta ọdún kó tó ṣí ìsọ̀ Echigoya ní Edo, ìlú tí à ń pè ní Tokyo lónìí, ní 1673. Ó ti pẹ́ tó ti ń wù ú. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń tajà níbẹ̀ rí i pé ọwọ́ àbúrò òun ti yá jù, ló bá ní kó padà sí Matsusaka lọ tọ́jú ìyá wọn. Nǹkan bí ọdún 24 ló lò nílé. Ìgbà tí ẹ̀gbọ́n kú ni ọ̀nà là.

Láyé ìgbà yẹn, àwìn ni àwọn aláṣọ Edo ń tà fún àwọn ìjòyè. Owó á pẹ́ kó tó wọlé, torí náà wọ́n á ti bu èlé mọ́ ọn. Odindi ìgàn ni wọ́n sì ń tà. Takatoshi ní owó lọ́wọ́ ni tòun, iye kan náà fún gbogbo èèyàn, a kì í ná an. Ẹni tó bá sì fẹ́ díẹ̀, a ó gé e fún un. Bí òjò bá ká oníbàárà mọ́bẹ̀, wọ́n á yá a ní agbòjò tí àmì ìsọ̀ wà lára rẹ̀, kó máa bá wọn polówó kiri ìgboro.

Inú bí àwọn aláṣọ yòókù. Ìtàn tí ìdílé náà ń sọ ni pé aládùúgbò kan kọ́ ṣáláńgá kọjú sí ilé ìdáná wọn! Ní 1683, wọ́n kó lọ sí Surugachō, àdúgbò kan ní Edo, wọ́n sì fi iṣẹ́ pàṣípààrọ̀ owó kún un.

Lójú tèmi, ogún ló sọ wọ́n di zaibatsu. Nígbà tí Takatoshi kú ní 1694, ìwé ogún rẹ̀ pín ohun ìní fáwọn ọmọ, àmọ́ wọ́n fohùn ṣọ̀kan pé àwọn ò ní pín in: kò sí ìdí-igi, kò sí orí-ò-jorí. Ní 1710 wọ́n dá Ōmotokata sílẹ̀, àpò kan ṣoṣo tí èrè gbogbo ìsọ̀ ń wọ̀, ibẹ̀ ni ilé kọ̀ọ̀kan nínú ìdílé náà ti ń gba ìwọ̀n tirẹ̀. Ilé mẹ́sàn-án ni wọ́n, wọ́n di 11 nígbẹ̀yìn. Kò sẹ́ni tó lè kó ìpín tirẹ̀ lọ dá dúró.

Wọn ò sì fi dandan lé e pé ọmọ ilé ló gbọ́dọ̀ tukọ̀. Minomura Rizaemon, ọmọ òrukàn, ló mú wọn dúró ti ìjọba Meiji, ìjọba tuntun Japan, ní 1868. Nígbà tó fi máa di 1876, báǹkì wọn ti dúró, àti Mitsui Bussan tó ń ṣòwò lókè òkun. Ní 1888 wọ́n ra ibi ìwakùsà èédú Miike lọ́wọ́ ìjọba. (Nínú àwọn zaibatsu yòókù, bàbà ni Sumitomo fi là, ọkọ̀ ojú omi ni ti Mitsubishi.)

Ọ̀pọ̀ aráàlú kórìíra wọn. Ní March 5, 1932, wọ́n yìnbọn pa Dan Takuma, ọ̀gá àgbà Mitsui, lẹ́nu ọ̀nà báǹkì wọn. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, Amẹ́ríkà tú àpò náà ká. Wọ́n fọ́ Mitsui Bussan sí ilé-iṣẹ́ tó lé ní 200, wọ́n sì kà á léèwọ̀ kí òṣìṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ tó ju 100 lọ kóra jọ sí ilé-iṣẹ́ kan. Ní 1959 àwọn ilé-iṣẹ́ náà tún darapọ̀, àmọ́ ìdílé kọ́ ló ni wọ́n mọ́.

Ìsọ̀ aṣọ ti kúrò lára wọn tipẹ́. Ó di Mitsukoshi ní 1904. Orí ilẹ̀ Surugachō àtijọ́ ló ṣì wà.