Static analysis: irinṣẹ́ tó ń mú function tí a pè lódì

Nínú èdè C tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, function kan (ìyẹn àkójọ àṣẹ tí a ń fi orúkọ pè) wà tó ń jẹ́ memset. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fi nọ́ńbà kan kún ibi kan nínú mẹ́mórì. Nǹkan mẹ́ta là ń kó fún un, wọ́n sì gbọ́dọ̀ tò tẹ̀ léra: ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀, nọ́ńbà tí yóò kọ, àti iye báìtì tí yóò kọ ọ́ sí. Ẹni tó fẹ́ sọ báìtì 64 di òdo yóò kọ memset(p, 0, 64). Ẹlòmíràn á kánjú, á kọ memset(p, 64, 0). Nọ́ńbà ni 0, nọ́ńbà ni 64, nítorí náà kò sí òfin C kankan tó rú. Memset á gbọ́ pé kí òun kọ 64 sínú báìtì òdo, kò sì ní kọ nǹkan kan. Bó bá jẹ́ páswọ́ọ̀dù lẹni náà fẹ́ pa rẹ́, páswọ́ọ̀dù ṣì wà níbẹ̀ digbí.

Irú èyí ni static analysis wà fún. Irinṣẹ́ kan á ka kóòdù láti òkè délẹ̀ láìjẹ́ pé kóòdù náà ṣiṣẹ́ rárá. Á wo ibi gbogbo tí a ti pe function, á sì fi wé bí a ṣe kéde rẹ̀. Lint, tí Stephen Johnson kọ ní Bell Labs ní 1978, ni ẹ̀gbọ́n wọn. Láyé ìgbà yẹn, compiler C, ìyẹn ètò tó ń sọ kóòdù di ohun tí kọ̀ǹpútà lè ṣe, kì í bèèrè iye nǹkan tí o kó fún function, lint ló ń bá a bèèrè.

Fún memset, GCC, tó jẹ́ compiler C, ní ìkìlọ̀ tirẹ̀ tó ń jẹ́ -Wmemset-transposed-args. Bó bá rí 0 gan-an níbi kẹta, tí ti ibi kejì kì í ṣe òdo, á pariwo. Bó bá jẹ́ ìṣirò ló di òdo níbẹ̀, á dákẹ́, torí kò dájú pé ẹni náà ṣì í kọ. Mo gba ti ìdákẹ́ yẹn: irinṣẹ́ tó bá ń ké lórí ohun tí kò ṣẹlẹ̀, kò ní pẹ́ táwọn èèyàn á fi pa á.

Function tí ìwọ fúnra rẹ kọ ló le jù, nítorí kò sẹ́ni tó kọ òfin fún un. Clang-tidy, tó jẹ́ irinṣẹ́ static analysis, máa ń fi orúkọ ṣe é: bí function bá ń retí "width" kó tó kan "height", tí o wá kó height fún un ṣáájú width, á fura. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ a àti b lo sọ wọ́n, kò rí nǹkan kan dì mú.