Orí Ààtàn Ni Wi-Fi Ti Hù

Nílé wa ní Èkìtì, ìbẹ́pẹ tó ń so jù kì í ṣe èyí tí a dìídì gbìn. Ẹ̀yìn ilé, lórí ààtàn, ló ti ń dá hù. Bí Wi-Fi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Hawaii ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá irú ọgbọ́n yìí. Erékùṣù ni ibẹ̀, òkun ló là wọ́n láàárín, owó ńlá ni fífa wáyà gba abẹ́ omi. Ní oṣù kẹfà ọdún 1971, Norman Abramson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì ibẹ̀ fi rédíò so kọ̀ǹpútà pọ̀ láti erékùṣù dé erékùṣù. ALOHAnet ni wọ́n pè é. Ojú kan náà ni gbogbo ẹ̀rọ ń gbà sọ̀rọ̀, bí méjì bá sọ̀rọ̀ pọ̀, tàwọn méjèèjì á dàrú. Ẹ̀rọ tí kò bá gbọ́ ìdáhùn á dákẹ́ díẹ̀, ìwọ̀n ìdákẹ́ rẹ̀ kò ní bá ti ẹnìkejì dọ́gba, á sì tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ. Wi-Fi tòní fi kún un pé kí ẹ̀rọ kọ́kọ́ tẹ́tí kó tó lanu. (Ìpàdé ẹbí tiwa ò tíì dé ibẹ̀.)

Ààtàn tí mo wí ńkọ́? Ìgbì rédíò 2.4 GHz ni. Ariwo máíkírówéèfù tí a fi ń mú oúnjẹ gbóná ló kún ibẹ̀. Ní ọdún 1985, ìjọba Amẹ́ríkà ní kí ẹni tó bá fẹ́ máa lò ó láìgba ìwé àṣẹ, bí agbára ẹ̀rọ rẹ̀ kò bá ṣáà ti pọ̀ jù.

Àwọn tó tètè sáré débẹ̀ ni NCR, àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ìgbowó ṣọ́ọ̀bù! Wọ́n fẹ́ kí oníṣọ́ọ̀bù lè sún ẹ̀rọ rẹ̀ kiri láìtún ilẹ̀ gbẹ́ nítorí wáyà. Vic Hayes, ọ̀kan nínú àwọn ẹnjiníà wọn ní Netherlands, ló ṣe alága ìgbìmọ̀ IEEE, ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà, tó jẹ́ kí ẹ̀rọ oríṣiríṣi gbọ́ èdè ara wọn. Ìlànà wọn, 802.11, jáde ní 1997. Nígbà tó fi di 1999, eré rẹ̀ ti kúrò ní mẹ́gábíìtì 2 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó ti di 11. Iléeṣẹ́ Interbrand ni àwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣe irú ẹ̀rọ yìí bẹ̀ lọ́wẹ̀ pé kó bá wọn wá orúkọ, ni Wi-Fi fi dé. Kò dúró fún ohunkóhun, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ rẹ̀ fún yín.

Oṣù keje ọdún náà ni Steve Jobs, ọ̀gá Apple, gbé láptọ́ọ̀pù iBook sókè lójú èrò, tó fi òrùka ńlá yí i po bí onídán, kí wọ́n rí i pé wáyà kankan kò sí níbẹ̀. Ní 2003, Intel, tó ń ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà, gbé Centrino jáde, àkójọ ẹ̀yà inú láptọ́ọ̀pù tó ní Wi-Fi nínú, Wi-Fi wá di ohun tó ń bá láptọ́ọ̀pù wá láti ilé.

Tòkunbọ̀ irú wọn ni mo rà. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jókòó sí káfè kan ní Adó, mi ò rí nẹ́tíwọọ̀kì kankan. Bọ̀ọ̀dá tó ń tọ́jú ibẹ̀ wá, ó fi èékánná ti bọ́tìnì tíńtín kan létí ẹ̀rọ náà, iná olómi ọsàn tó wà lára rẹ̀ di búlúù.

"Àbúrò, o ti pa á ni."

Síbẹ̀, wáyà kò kúrò nílẹ̀. Afẹ́fẹ́ ni Wi-Fi ń gbà wọ láptọ́ọ̀pù lóòótọ́, ṣùgbọ́n kébù ló ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wọ ìlú. Ìdí rèé tí ìjọba Èkìtì fi dín owó tí iléeṣẹ́ ń san láti ri kébù mọ́lẹ̀ kù ní 2020, láti 4,500 náírà lórí mítà kan sí 145.

Àwọn ọmọ yunifásítì ní Ìwòròkò kì í dúró de kébù, fóònù ni wọ́n fi ń ṣe hotspot. Mo tan láptọ́ọ̀pù mi níbẹ̀ láìpẹ́ yìí, nẹ́tíwọọ̀kì mẹ́sàn-án ló yọ, gbogbo wọn ló ní pásíwọọ̀dù. Orúkọ èyí tó lágbára jù nínú wọn ni "Lọ Ra Dátà Tìẹ".