VNC

VNC, tí orúkọ ẹ̀ ní kíkún ń jẹ́ Virtual Network Computing, ni ètò téèyàn lè fi wo ojú kọ̀ǹpútà tó wà níbòmíì, kó sì fi máòsì àti kíbọ́ọ̀dù ọwọ́ ẹ̀ darí ẹ̀. Èèyàn púpọ̀ lè jọ lo ojú kọ̀ǹpútà kan náà pa pọ̀.

Ìtàn

Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ronú kan irú ẹ̀, torí lọ́jọ́ 9 oṣù Kejìlá 1968 ni Douglas Engelbart, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ará Amẹ́ríkà, ti jókòó ní San Francisco lójú ọ̀pọ̀ èrò, tó sì jọ lo ojú kọ̀ǹpútà kan náà pẹ̀lú ẹnì kan tó wà ní Menlo Park, ìlú míì. VNC ní tiẹ̀, Cambridge ní England ni wọ́n ti ṣe é, níbi ìwádìí ilé iṣẹ́ Olivetti. AT&T, ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ní Amẹ́ríkà, ra ibẹ̀ ní 1999, wọ́n sì tì í pa ní 2002, àmọ́ torí pé wọ́n ti fi kóòdù VNC síta lọ́fẹ̀ẹ́, iṣẹ́ náà ò kú, àwọn kan lára àwọn tó ṣe é dá ilé iṣẹ́ RealVNC sílẹ̀ lọ́dún yẹn náà, àwọn míì sì ti ara kóòdù yẹn ṣe TightVNC àti UltraVNC.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́

Ibí gan-an lọgbọ́n wà. Òfin tí VNC fi ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní RFB (Remote Framebuffer), tó wà nínú RFC 6143, ìwé ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì ti 2011, ò bìkítà nípa irú kọ̀ǹpútà tó o ń lò, àwọ̀ ojú skrínì nìkan ló mọ̀. Ẹni tó ń wò á béèrè pé kí ló yí padà, kọ̀ǹpútà tọ̀hún á wá fi ibi tó yí padà nìkan ránṣẹ́, tó bá sì jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n kàn sún fèrèsé kan, kò ní yà á tuntun, á kàn ní “da tibí yìí kọ sọ́hùn-ún”. Torí pé ẹni tó ń wò ló ń béèrè, nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó lọ́ra náà ṣì lè gbé e.

Báìtì (ìwọ̀n dátà kékeré) kan ṣoṣo ló wà fún iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe: téèyàn bá ń wọlé, tó bá fi òdo ránṣẹ́, ó fẹ́ kí wọ́n já àwọn tó kù kúrò nìyẹn, tí kì í bá ṣe òdo, wọ́n á jọ wà níbẹ̀. Àmọ́ atọ́ka máòsì kan ni gbogbo wọn sábà máa ń jọ lò, torí náà ó dáa kí wọ́n máa lò ó níkọ̀ọ̀kan.

Ààbò

Nínú ọ̀nà ìwọlé àtijọ́, lẹ́tà 8 àkọ́kọ́ nínú páswọ́ọ̀dù nìkan ló ń kà, ohun tó ń lọ lójú skrínì ò sì ní ààbò kankan. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń gbé e gba inú SSH, ìyẹn ọ̀nà tó ń fi àṣírí bo ohun tó ń kọjá, dípò kí wọ́n ṣí port 5900, ẹnu ọ̀nà tí VNC sábà máa ń lò, sílẹ̀ gbayawu lórí íntánẹ́ẹ̀tì.