Ògbufọ̀ Ìjánu: Ìdí tí Mi Ò Fi Ní Pè É ní "Olùdarí"

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo tún rí i tí ẹnìkan kọ ọ́ sílẹ̀ gàdàgbà: "olùdarí ìjánu". Ọ̀rọ̀ náà ti ń ràn kálẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni kò dára. Àpótí kékeré tí rìwáyà máa ń so sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù píkọ́ọ̀pù ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, èyí tó ń jẹ́ kí ìjánu tírélà ẹ̀yìn bá ti ọkọ̀ iwájú ṣiṣẹ́ pọ̀. Àwọn rìwáyà wa ní Ìlẹ̀ṣà níbí ń pè é ní "kọntíróólà". Mi ò bá wọn jà. Ẹnu iṣẹ́ ni wọ́n wà, wọ́n sì gbọ́ ara wọn yé. Àwa tí a gbé bírò, tí a ní Yorùbá la fẹ́ fi sọ ọ́, tí a wá lọ mú ọ̀rọ̀ tó ń ṣi èèyàn lọ́nà, àwa ni mò ń bá wí.

Tírélà tí mò ń sọ kì í ṣe ti elépo tàbí ti onísìmẹ́ńtì o. Atẹ́gùn ló ń ṣiṣẹ́ ìjánu àwọn yẹn, ọ̀rọ̀ wọn yàtọ̀. Kékeré tí píkọ́ọ̀pù ń fà, tó ń kó oúnjẹ adìyẹ, pákó tàbí jẹnẹrétọ̀, ni tèmi.

Kí ni olùdarí? Ẹni tó mọ ibi tí à ń lọ, tó sì ń yí wa síbẹ̀ ni. Olùdarí akọrin ló ń sọ ìgbà tí orin yóò gòkè àti ìgbà tí yóò wálẹ̀. Àpótí yìí kò pinnu irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí. Ẹsẹ̀ awakọ̀ ló ń pinnu. Ẹni tó bá wá gbọ́ "olùdarí" á gbà pé ó ti ra ohun tó gbọ́n ju òun lọ, á gbé ọwọ́ kúrò níbẹ̀ pátápátá.

Olùkọ́ èdè kan tí mo bọ̀wọ̀ fún ní Ifẹ̀ ní kí a máa pè é ní "ẹ̀rọ ìṣàkóso ìdádúró ọkọ̀ àfàlẹ́yìn". Gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ló péye lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n kò sí awakọ̀ tó máa gbé gbólóhùn bẹ́ẹ̀ sẹ́nu níwájú mẹkáníìkì. Àlàyé ni, kì í ṣe orúkọ. Ọmọkùnrin kan tún mú "akóníjàánu" wá. Èyí wù mí, torí pé inú Yorùbá gidi ló ti yọ ọ́: gbogbo wa la ń sọ fún ọmọ pé kó kó ara rẹ̀ níjàánu. Ó kàn jẹ́ pé kì í ṣe àpótí yìí ló ń kó táyà níjàánu. Ìjánu fúnra rẹ̀ ló ń ṣe ìyẹn. Kí wá ni iṣẹ́ àpótí?

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ìjánu inú píkọ́ọ̀pù, èdè ọ́ìlì ló gbọ́. Ẹsẹ̀ á tẹ̀ ẹ́, ọ́ìlì á sáré lọ ti ìjánu mọ́ táyà. Ìjánu tírélà kò gbọ́ èdè ọ́ìlì rárá, iná ló gbọ́. Nínú dúrọ́ọ̀mù táyà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, òòfà kan wà tó sùn títí iná yóò fi jí i. (Òòfà! Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ yẹn mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó ń fa nǹkan, ó ń jẹ́ òòfà, ó parí.) Bí iná bátìrì fóòtì 12 bá wọ inú òòfà náà, á lẹ̀ mọ́ ojú irin dúrọ́ọ̀mù tó ń yí, dúrọ́ọ̀mù á wọ́ ọ lọ díẹ̀, apá irin tó gbé òòfà dání á sì ti ṣúù ìjánu mọ́ ara dúrọ́ọ̀mù. Bí iná tó wọlé bá ṣe pọ̀ tó ni ìdìmú náà á ṣe le tó. Òòfà kan ń jẹ bíi ámúpíà 3 (ìwọ̀n iná tó ń ṣàn nínú wáyà nìyẹn) nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ dé góńgó. Bí táyà oníjàánu bá jẹ́ mẹ́rin, 12 nìyẹn, ìdí sì nìyí tí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kò fi gbọdọ̀ débẹ̀.

Ẹnìkan ń sọ èdè kan níwájú, ẹnìkejì kò gbọ́ ju èdè mìíràn lọ lẹ́yìn. Irú ẹni wo la máa ń wá nígbà náà? Ògbufọ̀ ni. Ìdí tí mo fi ń pè é ní ògbufọ̀ ìjánu nìyẹn.

Ẹ rántí àlejò oníwàásù tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì wàásù, tí ògbufọ̀ dúró tì í pẹ̀lú máìkì tirẹ̀. Bí oníwàásù bá rọra sọ̀rọ̀, ògbufọ̀ á rọra sọ ọ́. Bó bá lọgun, òun náà á lọgun. Ká ní oníwàásù ń lọgun, tí ògbufọ̀ ń kùn sínú, ìjọ kò ní mọ̀ pé wọ́n ní kí àwọn dúró, wọn á máa rọ́ bọ̀ wá síwájú. Tírélà tí kò gbọ́ ìjánu nìyẹn, tó ń ti ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ lọ. Ká tún ní ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́ ni oníwàásù sọ, tí ògbufọ̀ figbe ta, jìnnìjìnnì á bo gbogbo ìjọ, wọn á dúró gan-an-gan. Táyà tírélà tó gan lójijì nìyẹn, tó ń wọ́ lórí ọ̀dà láìyí, tí rọ́bà ń rùn. Wáyà iná ẹ̀yìn tó ń tàn nígbà tí a bá tẹ ìjánu ló ń sọ fún ògbufọ̀ pé ìwàásù ti bẹ̀rẹ̀. Bí ọkọ̀ ṣe ń já eré sílẹ̀ ló fi ń mọ bí ohùn ṣe ga tó.

Irú kan wà tí kì í fetí sí èyí kejì yìí, tó jẹ́ pé bí iná ẹ̀yìn bá ti tàn, ohùn kan náà ni yóò máa gbé sókè ní ìwọ̀n tí a ti fi sí i. Ògbufọ̀ tó há ìwàásù sórí ni. Ó ń ṣiṣẹ́, mi ò sì ní fi àkókò yín ṣòfò lórí ìyàtọ̀ wọn. Ẹ ra èyí tó ń fetí sílẹ̀.

Wọ́n bi mí pé ṣé ohun èlò lè jẹ́ ògbufọ̀ ni, ṣebí èèyàn ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn baba wa tó pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì ńkọ́? Èèyàn ló ń sọ̀rọ̀, èèyàn ló sì ń gba èsì. Wọ́n wo ìṣe rẹ̀, wọ́n rí i pé ó ń sọ kò gbà, wọ́n sì fi ìyẹn sọ ọ́ lórúkọ. Níbí gan-an ní Ìjẹ̀ṣà, a pe àwọn aláṣọ wa àtijọ́ tó ń tajà láwìn ní òṣómàáló, torí pé ìlóṣòó ni wọ́n ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó yóò fi jáde. Gbogbo ìṣe wọn ló wà nínú ọ̀rọ̀ kan. Ẹ wá fi ìyẹn wé "ayára-bí-àṣá" tí wọ́n fún kọ̀ǹpútà. Alùpùpù náà ń yára. Orúkọ tí kò bá sọ iṣẹ́ tí nǹkan ń ṣe, kí ló wá fẹ́ ṣe fún wa?

Ẹ̀rù tó ń bà mí lórí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti inú ìwé lásán. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń sin adìyẹ lẹ́yìn ìlú ra tírélà onítáyà mẹ́rin tó ti Amẹ́ríkà wá, wọ́n sì ní kí rìwáyà kan bá wọn so àpótí yìí mọ́ píkọ́ọ̀pù. Ẹni tó so ó ní olùdarí ìjánu ni àwọn akọ̀wé ń pè é, pé yóò máa darí gbogbo nǹkan. Òfìfo ni wọ́n ń fà káàkiri Ìlẹ̀ṣà fún oṣù kan, kò sí wàhálà. Lọ́jọ́ tí wọ́n wá di oúnjẹ adìyẹ kún un láti Adó-Èkìtì, ìgbà tí wọ́n máa sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn Ẹ̀fọ̀n, wọ́n ní ńṣe ló dà bíi pé ẹnìkan ń fi èjìká ti àwọn lẹ́yìn. Wọ́n tẹ ìjánu títí òórùn fi ń jáde lára táyà iwájú. Jíà kékeré tí wọ́n fà á bọ́ sí ló kó wọn yọ.

Nígbà tí wọ́n délé, mo wo àpótí náà. Nọ́ńbà tó kéré jù lọ ló wà láti ọjọ́ tí wọ́n ti so ó. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò tún un ṣe nígbà tí ẹ di ẹrù?" Wọ́n wò mí. "Ṣebí ẹ̀yin akọ̀wé lẹ ní olùdarí ni?"

Mi ò rí èsì fún wọn.

Ká ní ògbufọ̀ ni wọ́n pè é fún wọn ni, wọn ì bá ti bi rìwáyà pé níbo ni wọ́n ti ń gbé ohùn rẹ̀ sókè. A jọ gbé e sókè lọ́jọ́ kejì. Etí ìjọ, ìyẹn ìjánu tírélà fúnra rẹ̀, la kọ́kọ́ wò, torí bí ìyẹn bá di, ògbufọ̀ kò lè ṣe nǹkan kan. A fi jáàkì gbé táyà kọ̀ọ̀kan, a yí ìràwọ̀ inú dúrọ́ọ̀mù (irin eléyín tí a fi ń sún ṣúù mọ́ dúrọ́ọ̀mù) títí táyà fi ṣòro yí, a wá dẹ̀ ẹ́ títí ó fi ń yí, tí ṣúù kàn ń họ ọ́ díẹ̀díẹ̀. (Ti tuntun, kí wọ́n tún un ṣe lẹ́yìn bíi kìlómítà 320.) A yẹ sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́nu méje wò: nínú ti Amẹ́ríkà, wáyà búlúù ló ń gbé iná ìjánu, funfun ni áàtì, èyí tí iná ń gbà padà. Áàtì wọn ti dógùn-ún, a fi yanrìn họ ọ́, a tún un dè.

Ẹ̀yìn ìyẹn la tó wá sí ìwọ̀n ohùn. Ẹrù tí ẹ fẹ́ gbé gan-an ni kó wà nínú tírélà. Ẹ wá títì tó gbẹ, tó tẹ́jú, tí ọkọ̀ kò sí níbẹ̀. Ẹ sá eré bíi kìlómítà 40 ní wákàtí kan. Ẹ má tẹ ìjánu ẹsẹ̀ o, ọ̀pá kékeré tó wà lára àpótí ni kí ẹ fi ọwọ́ tì dé òpin. Bí táyà tírélà bá gan, ẹ dín ohùn kù. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n lára pé tírélà fà yín sẹ́yìn, ẹ fi kún un. Ibi tó kù díẹ̀ kí táyà gan ni kí ẹ fi sí. Ìgbà mẹ́rin la lọ tí a bọ̀ kí a tó débẹ̀, ohùn tó sì bá ẹrù kíkún mu yẹn ga ju ti òfìfo lọ dáadáa. Bí ẹrù bá ti yí padà, ẹ tún un wọ̀n.

Ọ̀pá ọwọ́ yẹn ni olùkọ́ Ifẹ̀ gbá mú nígbà tí a tún jọ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní bí àpótí bá lè mú tírélà nìkan láìkan píkọ́ọ̀pù, ṣé kì í ṣe olùdarí ni? Rárá, sà. Ọwọ́ awakọ̀ ló wà lórí ọ̀pá. Oníwàásù ló sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́ sétí ògbufọ̀ pé kó bá òun pe ìjọ sí àkíyèsí. Ìgbà tí ẹ nílò rẹ̀ jù ni bí tírélà bá bẹ̀rẹ̀ sí í ju ìdí sọ́tùn-ún sósì. Ẹ má tẹ ìjánu ẹsẹ̀ nígbà náà. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná ọkọ̀, kí ẹ sì rọra ti ọ̀pá náà, tírélà á nà tọ́ọ́ró sẹ́yìn yín.

Ó ku bátìrì kékeré orí tírélà. Bí tírélà bá já kúrò lára ọkọ̀, kò sí ògbufọ̀ mọ́, bátìrì yìí ni yóò bá ìjánu sọ̀rọ̀ tààrà. Okùn wáyà kan ló so èèkàn kékeré tó wà lára tírélà mọ́ ọkọ̀ iwájú. Bí tírélà bá lọ, èèkàn á yọ, gbogbo iná bátìrì á sì wọ inú òòfà. Òfin ọkọ̀ akẹ́rù ní Amẹ́ríkà ní kí ìjánu náà di táyà mú fún ìṣẹ́jú 15, ó kéré tán, nítorí náà bátìrì tó ti kú kò wúlò níbẹ̀. Ẹ má so okùn yẹn mọ́ ṣéènì tàbí mọ́ irin ìkọ́ tó ṣeé yọ, torí bí ìkọ́ bá bọ́, wọ́n á jọ lọ ni, èèkàn kò sì ní yọ. Ara ìkọ́ gan-an ni ẹ̀gbọ́n mi so tiwọn mọ́. A tú u lọ́jọ́ náà, a dè é mọ́ férémù píkọ́ọ̀pù.